Ìrètí Nínú Jésù Nígbà Tí Ìlú Le: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Onígbàgbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, èèyàn kì í fẹ́ béèrè wọn lójú gbogbo ìjọ. Ìgbà tí ìsìn bá tú tán ni wọ́n máa ń fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o." Ìlú onígbàgbọ́ ni Ògbómọ̀ṣọ́. Láti 1855 tí Thomas Jefferson Bowen ti dá iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ níbí ni orúkọ Jésù ti wà lẹ́nu wa, bóyá ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń ti èèyàn láti jẹ́wọ́ pé ìgbàgbọ́ òun ń mì. Kò yẹ kí ojú tì yín. Mo kọ àwọn ìdáhùn yìí fún ẹni tí owó oúnjẹ, àìsàn, gbèsè tàbí ọ̀fọ̀ ti mú kí àdúrà nira fún.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n bi Ọlọ́run pé "kí ló dé"?

Rárá. Ẹ ṣí Sáàmù 13. Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Sáàmù 88 tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹkún ni ẹni tó kọ ọ́ fi bẹ̀rẹ̀, inú òkùnkùn ló sì parí rẹ̀ sí. Kò sí "ṣùgbọ́n èmi yóò yìn ọ́" kankan lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n kó o mọ́ àwọn orin ìsìn Ísírẹ́lì, ó sì wà nínú Bíbélì wa títí dòní. Jésù fúnra rẹ̀, lórí àgbélébùú, ọ̀rọ̀ Sáàmù 22 ló ké jáde, pé kí ló dé tí Ọlọ́run òun fi kọ òun sílẹ̀.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọn kò lọ máa ráhùn Ọlọ́run káàkiri. Òun gan-an ni wọ́n kọjú sí. Ẹni tó ń bi Ọlọ́run ní "kí ló dé" ṣì gbà pé ó ń gbọ́. Èyí tó máa ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tí ń sọ "ó dáa, ọpẹ́ ni" lójoojúmọ́, tí kò sì bá Ọlọ́run sọ òótọ́ kankan mọ́.

Jeremáyà 29:11 wà lára kàlẹ́ńdà ilé wa. Wọ́n ní èrò àlàáfíà ni Ọlọ́run ń rò sí mi. Kí ló dé tí mi ò tíì rí i?

Ẹ jẹ́ ká kà á láti òkè. Lẹ́tà ni. Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó ní ìgbèkùn lọ sí Bábílónì. Ẹsẹ tó ṣáájú èyí tó wà lára kàlẹ́ńdà sọ pé àádọ́rin ọdún ni ọ̀rọ̀ náà yóò gbà. Ẹni tó ti pé ogójì ọdún lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà náà mọ̀ pé ojú òun kò ní rí ìpadàbọ̀. Kí wá ni Ọlọ́run ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe? Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé kí wọ́n sì máa gbé inú rẹ̀, kí wọ́n gbin ọgbà kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀, kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n kó wọn lọ náà, torí inú àlàáfíà rẹ̀ ni àlàáfíà tiwọn wà.

Wòlíì kan wà ní orí tó ṣáájú rẹ̀, Hananáyà ni orúkọ rẹ̀. Òun ní tiẹ̀ sọ pé láàárín ọdún méjì péré, gbogbo rẹ̀ á ti yanjú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, èwo nínú àwọn méjèèjì ni ìjọ máa ṣe "Àmín" fún jù? Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò rán Hananáyà. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀kọ́ tí a nílò ju èyí lọ lásìkò yìí, torí pé àwọn tó ń dá ọjọ́ fún èèyàn ti pọ̀ jù: "kí oṣù yìí tó parí," "láàárín ọjọ́ méje." Bí ọjọ́ bá pé tí nǹkan kò yí padà, oníwàásù ti kọjá sí ìlú mìíràn, ẹni tó gbà á gbọ́ ló kù nílẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́. Ìrètí Kristẹni kò so mọ́ ọjọ́. Ẹni tó ṣèlérí ló so mọ́. Nítorí náà, ẹ gbin ẹ̀gẹ́ yín. Ẹ rán ọmọ lọ sílé ìwé. Ẹ máa dá àjọ yín. Iṣẹ́ ìgbàgbọ́ ni gbogbo ìyẹn.

Wòlíì kan ní kí n wá owó irúgbìn kí ọ̀run tó lè ṣí fún mi. Ṣé kí n lọ yá a?

Ẹ má yá a. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọrẹ dára, ìdámẹ́wàá dára, kí á fún aláìní dára gan-an. Ṣùgbọ́n nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 8, Símónì mú owó wá láti fi ra ẹ̀bùn Ọlọ́run, Pétérù sì sọ fún un pé kí owó rẹ̀ ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí Jésù ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ san, a kì í tún lọ gba owó gbọ́mú-lé-láńtà láti san án lẹ́ẹ̀kejì.

Àìní máa ń mú kí èèyàn tètè gba ìlérí gbọ́. Ẹ rántí MMM, tó ṣèlérí èrè ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣooṣù. Ní Oṣù Kejìlá 2016, wọ́n ti owó àwọn èèyàn pa, onígbàgbọ́ wà nínú àwọn tó sunkún. Bí ìlérí bá dùn jù, tó sì ń kán yín lójú, yálà ẹni tó gbé e wá wọ súùtù tàbí aṣọ funfun, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọwọ́ ẹni tí owó náà ń lọ.

Gbèsè ti wọ̀ mí lọ́rùn. Àwọn agbowó ń wá bá mi ní ìsọ̀ mi l'Ọ́jà Jagun. Kí ni ìgbàgbọ́ lè ṣe sí èyí?

Ẹ kú ìrọ́jú. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023 ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń jẹ ojú owó wọn, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Bíbélì sì mọ irú ìyà yìí. Nínú Àwọn Ọba Kejì orí 4, opó kan tọ Èlíṣà wá. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run, síbẹ̀ gbèsè ló kú sínú rẹ̀, olówó sì ń bọ̀ wá kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Obìnrin náà kò bo gbèsè náà mọ́ra. Ó ké jáde. Èlíṣà kò bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tó bi í ni pé kí ló kù nílé. Òróró díẹ̀ ló kù. Ó ní kó lọ yá ìkòkò lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ díẹ̀. Òróró ń tú jáde títí ìkòkò fi tán. Lẹ́yìn náà ni Èlíṣà wá sọ fún un pé kó lọ tà á, kó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ sì máa jẹun nínú èyí tó kù. Iṣẹ́ ìyanu ni, ṣùgbọ́n ìkòkò aládùúgbò wà nínú rẹ̀, ọjà títà wà nínú rẹ̀, gbèsè sísan náà sì wà nínú rẹ̀.

Torí náà, ẹ kọ gbogbo gbèsè yín sílẹ̀, ti ẹgbẹ̀rún kan náírà pàápàá. Ẹ tọ olówó lọ kó tó tọ̀ yín wá, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó gbà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yá ti ọ̀tún san ti òsì. Ẹ sọ fún ẹnì kan tó lè pa àṣírí mọ́ nínú ìjọ. Bí ìjọ yín bá ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ lọ bá wọn; èlé wọn kì í sábà gani lára bíi ti àwọn tó ń pariwo lójú ìsọ̀. Kẹ́ ẹ sì máa gbàdúrà nípa rẹ̀ pẹ̀lú iye owó náà gan-an lẹ́nu.

Ọmọ mi gba ọ̀nà aginjù lọ sí Líbíà. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ṣé kí n ṣì máa retí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 1821, àwọn jagunjagun kógun wọ Òṣoògùn, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní, wọ́n sì kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n pín wọn níyà. Wọ́n ta Àjàyí títí wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ló ti gba Jésù gbọ́, tó di Samuel Ajayi Crowther. Ìyá rẹ̀, Àfàlá, kò mọ ìkankan nínú èyí. Ní 1846, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ogun náà, ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn l'Abẹ́òkúta. Bíbélì Yorùbá tí ẹ ń fi omijé kà, tó parí ní 1884, ọmọ tí wọ́n ti rò pé ó ti sọ nù yìí ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi ìtàn yìí tàn yín. Àjàyí kò tún rí bàbá rẹ̀ mọ́, ogun ló pa á. Àìmọye ìyá ní Òṣoògùn ni kò tún rí ọmọ wọn mọ́ láéláé, wọ́n sì sunkún bí Àfàlá ṣe sunkún. Nítorí náà, mi ò lè ṣèlérí fún yín pé ọmọ yín yóò wọlé ní ọjọ́ kan pàtó. Ohun tí mo lè fi gbogbo ẹnu sọ ni pé ibi tí ọmọ náà wà kò ṣókùnkùn sí Ọlọ́run. Hágárì wà nínú aginjù nígbà tó pe Ọlọ́run ní Ẹni tó rí òun, ẹrúbìnrin tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ẹ máa dárúkọ ọmọ yín níwájú Ẹni náà lójoojúmọ́.

Ẹ tún fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí, àti àjọ NAPTIP tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò. Ẹ mú fọ́tò rẹ̀ dání, àti nọ́ńbà fóònù tó fi pè kẹ́yìn.

Nígbà míì, ó ń ṣe mí bíi pé kí n kú. Ṣé ẹ̀mí èṣù ló wọ inú mi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú: ọkọ tàbí aya yín, ẹ̀gbọ́n, pásítọ̀, ọ̀rẹ́ kan tí kì í bínú. Ẹ má dá sùn. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kó òògùn apakòkòrò àti ohunkóhun tó lè pani lára kúrò nínú ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà nílùú yìí, ti Bowen àti ti LAUTECH. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ rí dókítà tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn àti ọpọlọ, wọn á fi ọ̀nà hàn yín.

Èlíjà náà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19, lẹ́yìn ìṣẹ́gun ńlá lórí òkè Kámẹ́lì, ó lọ jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí. Kò lé ẹ̀mí kankan jáde. Ańgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó tún jẹ́ kó sùn, ó tún jí i, ó tún fún un ní oúnjẹ, ó ní ìrìn náà pọ̀ jù fún un. Ìgbà tí ara rẹ̀ gbé kánkán tán ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Bowen tí mo dárúkọ lókè, ẹni tó mú ìyìn rere dé ìlú yìí, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì, àárẹ̀ ọpọlọ bá a fínra nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn àwọn tó ní irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia ló kú sí ní 1875. Ó wù mí kí a máa sọ èyí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa jù bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ, torí ó máa ń dùn mí bí a ṣe ń na àwọn aláìsàn lórí òkè àdúrà, tí a ń dè wọ́n mọ́lẹ̀, tí a ní ẹ̀mí ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Ọlọ́run tòótọ́.

Bí mo bá lọ sí ọsibítù, ṣé kò ní jẹ́ pé ìgbàgbọ́ mi kéré?

Ní 1907, Dókítà George Green dé sí Ògbómọ̀ṣọ́, míṣọ́nnárì oníṣègùn ni. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló di ọsibítù Onítẹ̀bọmi, tó wá di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Bowen lónìí. Àwọn tó wàásù fún àwọn bàbá wa náà ló bù wọ́n lóògùn. Ẹ gbàdúrà, ẹ lo oògùn yín, kẹ́ ẹ sì lò ó dé òpin.

Ṣé irú ìnira báyìí ti bá àwọn tó ṣáájú wa nílùú yìí rí?

Ó ti bá wọn rí, ọ̀pọ̀ agboolé ni ìtàn náà ṣì wà. Ní ọjọ́ 18, Oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ gan-an nínú àwọn tí àṣẹ náà bá. Àwọn tó ti ń ṣòwò ní Tamale àti káàkiri òkè Gánà láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, ta ẹrù wọn lọ́pọ̀, àwọn mìíràn sì fi tiwọn sílẹ̀ síbẹ̀ gbá. Ọmọ tí kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́ rí bá ara rẹ̀ nílé tí kò sí yàrá fún un. Olówó àná wá ń wá ìsọ̀ tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò tó nǹkan.

Ohun tó máa ń wú mi lórí nínú ìtàn yìí ni ọ̀rọ̀ ìjọ. Àwọn oníṣòwò yìí, kì í ṣe pásítọ̀, ni wọ́n dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Gánà, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá gbàdúrà tí wọ́n sì ń fi Yorùbá kọrin. Nígbà tí àṣẹ dé, ọ̀pọ̀ ìjọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹni tó bá wò ó lọ́jọ́ náà á ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti parun. Kò parun. Àwọn ọmọ Gánà gba iṣẹ́ náà, ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣì wà ní Gánà títí di òní olónìí.

Bí àgbàlagbà kan bá wà ní agboolé yín tó ti Gánà bọ̀ nígbà náà, ẹ lọ jókòó tì í, kẹ́ ẹ bi í léèrè ohun tó mú un dúró. Ẹ ṣe é nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.

Ọkọ mi kú. Wọ́n ní kí n má sunkún mọ́, pé onígbàgbọ́ ni mí.

Jésù sunkún ní ibojì Lásárù, ó sì mọ̀ pé òun máa tó jí i dìde. Pọ́ọ̀lù kò ní kí a má ṣọ̀fọ̀. Ó ní kí a má ṣọ̀fọ̀ bí àwọn tí kò nírètí. Ẹ sunkún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kí ọlọ́fọ̀, ẹ rántí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ṣì í sọ.

Ìgbàgbọ́ mi kò tó nǹkan mọ́. Ṣé Ọlọ́run á ṣì gbọ́?

Nínú Máàkù orí 9, bàbá kan sọ fún Jésù pé òun gbàgbọ́, kí ó ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ rí ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìyà ń jẹ aládùúgbò mi, èmi náà kò sì ní. Kí ni mo lè ṣe?

Jákọ́bù orí 2 bá ẹni tó ń sọ fún ẹni tébi ń pa pé "máa lọ ní àlàáfíà, yó o" láìfún un ní nǹkan kan wí gidigidi. Kò dìgbà tí èèyàn bá ní púpọ̀. Kóńgò ẹlùbọ́ láfún kan, epo díẹ̀, kí ẹ bá a gbé ọmọ lọ sílé ìwé, kí ẹ bá a jókòó ní ọsibítù kó lè rí oorun díẹ̀ sùn. Ẹ má dúró kó bẹ̀ yín. Ẹni tójú ń tì kì í bẹ̀bẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó bọ́ sí kọ̀rọ̀, ẹ má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn ìjọ tó ní owó ìkórè lọ́wọ́ náà gbọ́dọ̀ ronú lórí èyí kí wọ́n tó tún òrùlé ṣe.

Ó pẹ́ tí mo ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jẹ owó ìkórè, mi ò sì ní aṣọ ẹgbẹ́. Ojú ń tì mí láti padà.

Kò sí ibì kankan nínú Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ti ní kí a gba aṣọ ẹgbẹ́ kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi owó ìkórè dójú tì yín, ó dùn mí, kò sì tọ́.

Tí ọjọ́ Àìkú bá ṣì wúwo jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì ti àárín ọ̀sẹ̀. Èèyàn kì í pọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wo aṣọ ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń ti ìsọ̀ tàbí oko gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ jókòó sẹ́yìn bí ẹ bá fẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbàdúrà tí ọ̀rọ̀ kò sí lẹ́nu yín, Róòmù orí 8 sọ pé Ẹ̀mí ń bẹ̀bẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìrora tí a kò lè fẹnu sọ. Ẹ lè ka Sáàmù kan jáde kẹ́ ẹ sì ṣe Àmín. Ní ti owó ìkórè, ẹ sọ fún akápò pé kò sí. Bó bá yọ yín lẹ́nu, ẹ fi tó pásítọ̀ létí.